Ara àwọn òṣèré ti tutù, eré sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

SM_Kubwa · Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Èmi ni alábòójútó ìtàgé fún eré Yorùbá kan tí à ń ṣe lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn kan ní Garki, nílùú Abuja níbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni eré náà, Jímọ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lápapọ̀. A ti ṣe mẹ́ta, ó ku mẹ́fà.

Òṣèré mẹ́rìnlá la ní, pẹ̀lú onílù mẹ́ta. Gbọ̀ngàn náà gba èèyàn 250. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, ilé kún dẹ́ńdẹ́, àwọn kan tiẹ̀ dúró sẹ́yìn. Ní Sátidé, mo ka èèyàn 61. Lánàá Sọ́ńdè, 22. Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni mo ti kà wọ́n, mo tún wọn kà, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe ségesège.

Kì í ṣe iye èrò ló dùn mí jù, ohun tí mo rí lára àwọn òṣèré ni. Aago márùn-ún àbọ̀ ni kọ́ọ̀lù wa, ìyẹn àkókò tí gbogbo òṣèré gbọ́dọ̀ ti dé, aago méje leré. Lánàá, aago mẹ́fà ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹnì karùn-ún tó dé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ na ara, kò sẹ́ni tó fẹ́ la ohùn. Ẹni tó ń ṣe Balógun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ eré. Níbi tí wọ́n ti ń sin òkú, àwọn méjì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a sinmi láàárín eré, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń béèrè nínú yàrá ìwọṣọ pé, "Àwọn ta gan-an là ń ṣe é fún?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti àbúrò wa tó ń ṣe Ìyálóde. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ ṣe rìhásà, ó máa ń ká òfì rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin kó tó lọ sílé. Lánàá, ó bọ́ ọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kọjá, ó jáde. Èmi ni mo gbé e.

Olùdarí wa ti padà sí Èkó, iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe bá a ṣàdéhùn látìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi leré wà báyìí. Àwọn òṣèré ti gba ìdajì owó wọn, ìdajì yòókù di ìgbà tí eré bá parí. Agbátẹrù wa ò tíì yọjú láti Jímọ̀.

Mo fẹ́ pè wọ́n jọ lọ́jọ́ Bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí màá sọ. Ẹ̀yin tó ti kan irú èyí rí, kí lẹ ṣe?

Oludari_Kaduna · 9:25 àárọ̀

SM, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má pe ìpàdé ìtùnú kankan. Ẹ gbé òfin kalẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń darí eré ní Kaduna àti Zaria, ohun tí mo sì rí ni pé ìdí kọ́ọ̀lù leré ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹni tó pẹ́ ní ogójì ìṣẹ́jú lónìí tí kò rí ìbáwí, á gbàgbé kíù, ìyẹn àmì tó ń sọ ìgbà tó máa wọlé tàbí sọ̀rọ̀, lọ́la, tó bá dọ̀túnla kò ní wá mọ́. Ẹ bu ẹgbẹ̀rún méjì náírà lé ẹnikẹ́ni tó bá pẹ́, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó ìkẹyìn. Balógun yẹn, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó padà sórí ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kọ. Ẹ má bẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe àríyá.

Osere_Nyanya · 9:58 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Oludari, ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ọn. Òṣèré lèmi náà, Nyanya ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí alẹ́ ọjọ́ eré ṣe ń rí fún irú wa.

Aago méje lẹ kọ sórí ìwé. Ní Abuja, méje àbọ̀ nìyẹn. Ẹ parí ní mẹ́sàn-án kọjá dáadáa. Kí n tó nu àtíkè àti tìróò kúrò lójú, kí n dá aṣọ padà, mẹ́wàá ti fẹ́ lù. Mo wá dúró lẹ́bàá títì, mò ń wá ọkọ̀. Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ti lọ sílé. Along ló kù, mọ́tò tí ẹ ò mọ ẹni tó ni ín, tí ọkùnrin méjì ti jókòó sẹ́yìn tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "one chance" nílùú yìí. Mo máa ń jẹ́ kí mẹ́ta mẹ́rin kọjá títí màá fi rí èyí tí ìyá àgbà wà nínú rẹ̀. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ ò tíì padà síbi tó wà rí. Nínú eré kan tí mo ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, mo jókòó ṣírò rẹ̀: àlọ àti àbọ̀ mi nìkan ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí wọ́n fẹ́ san fún mi lọ.

Torí náà, bí ẹ bá rí i pé ọkàn mi ti kúrò lórí ìtàgé láti ìran kẹrin, eré ò tíì sú mi o. Títì Nyanya ni mò ń wò.

Àǹtí SM, àbúrò tó ju òfì sílẹ̀ yẹn, níbo ló ń gbé?

SM_Kubwa · 10:06 àárọ̀

Mararaba. Nyanya tìrẹ gan-an ló máa kọjá kó tó délé. Mi ò rò ó débẹ̀ rárá.

Baba_Jos · 11:15 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín láti Jos. Ọyẹ́ tiwa níbí ti ń la ètè.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ eré alárìnjò láti 1975 títí di 1983. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ń gbé gbogbo wa, àtènìyàn, àtaṣọ, àtìlù, àtìkòkò ọbẹ̀. Nínú àwọn ìlú Òkè Ọya tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, Kaduna, Zaria, Kano, Jos, kò sí èyí tí a ò dé. Ogunde ti la ọ̀nà yẹn sílẹ̀ ṣáájú wa. 1945 ló dá ẹgbẹ́ tó ń sanwó iṣẹ́ fún òṣèré sílẹ̀, nígbà tó sì di 1946, àwọn ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá eré rẹ̀ dúró ní Jos níbí, torí pé ó kan ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n dá a dúró, kò sì ní kí ẹgbẹ́ tú ká. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ìlẹ̀kùn tó tì kì í ṣe tuntun nídìí iṣẹ́ yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Sabon Gari, Kano, a fẹ́ ṣeré nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan. Òjò ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Èèyàn mọ́kànlá ló wá. Àwa ọ̀dọ́ ń ráhùn lẹ́yìn aṣọ, a ní kí ọ̀gá dá owó wọn padà fún wọn. Kò bá wa jiyàn. Ó jáde lọ bá àwọn mọ́kànlá yẹn, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ìlú wọn, ó ní kí wọ́n bọ́ síwájú kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ó padà wọlé, ó ní, "Ará Ògbómọ̀ṣọ́ mẹ́fà, ará Ọ̀fà mẹ́ta, tọkọtaya kan láti Ìlá. Ẹ lọ ṣeré fún wọn." Ó ní kí á jú ìbà látòkè délẹ̀, kí á má gé ẹyọ kan kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé ará Ọ̀fà wà níwájú, mi ò rí àga òfìfo mọ́.

Nígbà tí eré parí, ó ṣe ohun tó máa ń ṣe lálaalẹ́. Ó tẹ́ ẹní, ó gbé fìtílà síbẹ̀, ó da owó ẹnu ọ̀nà sórí ẹní lójú gbogbo wa. Ó yọ ti gbọ̀ngàn, ó yọ ti epo ọkọ̀, ó yọ ti oúnjẹ, ó pín ìyókù. Ogójì kọ́bọ̀ ló kàn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo gbà á, inú ò bí mi, ojú mi ló ṣe.

SM, ẹ kọ́kọ́ lọ bá agbátẹrù yín kí ẹ tó bá òṣèré kankan sọ̀rọ̀. Òṣèré lè fara da kí owó má sí. Bó bá ń rò ó nínú pé wọ́n ń jẹ owó òun ní kọ̀rọ̀, ìyẹn ni kò ní lè fara dà, ohùn rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀.

Osere_Nyanya · 11:31 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun sà, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ jọ̀wọ́, ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un: gbogbo yín lẹ jọ ń sùn lójú kan nígbà yẹn, inú ìkòkò kan náà lẹ ti ń jẹun. Àwa, bí eré bá ti parí, oníkálukú ló ń dá wá bó ṣe máa délé.

Agbateru_Wuse · 12:20 ọ̀sán

Èmi ti ṣe agbátẹrù lẹ́ẹ̀mejì, òótọ́ lọ̀rọ̀ Bàbá. Nígbà àkọ́kọ́, mo fi ìwé owó pamọ́ fún àwọn òṣèré. Mi ò jí kọ́bọ̀, ẹ̀rù ló bà mí pé bí wọ́n bá mọ bí gbèsè ṣe pọ̀ tó, wọ́n á já mi sílẹ̀. Mo wá ń sá fún wọn. Àwọn náà rí i pé mò ń sá, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yé wọn: wọ́n ní owó ti wọlé, mo ti fi ra mọ́tò. Eré yẹn ò parí dáadáa, ọ̀rẹ́ méjì ni mo pàdánù níbẹ̀, mi ò sì tíì rí wọn gbà padà.

Nígbà kejì, ní gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè, mo máa ń lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri yàrá ìwọṣọ: iye tíkẹ́ẹ̀tì tó tà, owó gbọ̀ngàn, epo jẹnẹrétọ̀, owó onílù, ohun tó kù. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí NEPA mú iná lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, epo jẹnẹrétọ̀ nìkan jẹ owó tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn mọ́kàndínlógún. Nígbà tí àwọn òṣèré rí ìyẹn, àwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkéde eré sórí WhatsApp wọn láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n.

Ẹ tún rántí pé oṣù January lẹ wà yìí. Àwọn tó lọ sílé fún ọdún, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì padà. Àwọn tó ti dé ń wá owó iléèwé ọmọ. Àwọn tó wá ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, ẹbí àti ọ̀rẹ́ àwọn òṣèré ló pọ̀ jù nínú wọn, àbí? Àwọn yẹn ti wò ó tán. Èèyàn 22 ọjọ́ Sọ́ńdè ni àlejò àkọ́kọ́ tí ẹ ní. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ránṣẹ́, ẹ fún àwọn àgùnbánirọ̀ tó gbọ́ Yorùbá, Sọ́ńdè nìkan, kí wọ́n sì tètè dé. Ẹ má kéde rẹ̀ síta, kí inú má bí ẹni tó sanwó. Kí ẹ sì fi okùn dí àwọn ìlà àga ẹ̀yìn. Ogójì èèyàn tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn máa ń rẹ́rìn-ín ju ọgọ́rùn-ún tó fọ́n ká lọ, nítorí ẹ̀rín a máa ran ni.

Oludari_Kaduna · 12:47 ọ̀sán

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo gba ti ọkọ̀, mi ò gbé e yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mi ò kúrò lórí ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀lù. Ẹ ṣe gbogbo oore fún wọn, bí aago márùn-ún àbọ̀ bá di ohun tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀, àwọn tó ń tètè dé lẹ ń fìyà jẹ. Nínú gbogbo ẹgbẹ́, a máa ń rí ẹni méjì mẹ́ta tó ń dé lákòókò lójoojúmọ́, tí wọ́n á jókòó máa wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn wọ̀nyẹn ló kọ́kọ́ máa ń rẹ̀.

SM_Kubwa · 1:10 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, mo tiẹ̀ mọ àwọn méjì yẹn. Àmọ́ mi ò lè bu owó lé ẹni tí a ṣì jẹ lówó. Ojú á tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀. Màá fi nǹkan mìíràn mú kọ́ọ̀lù le.

Onilu_Lugbe · 3:02 ọ̀sán

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Gàngàn ni mò ń lù. Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ àwọn onílù yín, àwa la sì kọ́kọ́ máa ń mọ̀ bí eré bá ti ń kú. Nígbà ọyẹ́ báyìí, awọ ti gbẹ, ọṣán ti gan, bí ènìyàn ò bá tètè dé kó fara balẹ̀ tọ́jú ìlù rẹ̀, kò ní fọhùn bó ṣe yẹ. Bí onílù bá ti ń dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé òun náà ti lọ.

Ohun tí a máa ń ṣe nínú ẹgbẹ́ wa rèé. Bó bá ti ku wákàtí kan, onílù á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwọṣọ, á máa fi ìlù pe oríkì àwọn òṣèré lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀ á dìde, á jó wọ orí ìtàgé, ibẹ̀ la ti ń na ara. Kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ kí wọ́n pe oríkì òun kó má sí níbẹ̀. SM, ìyẹn lẹ lè fi mú kọ́ọ̀lù le láì bu owó lé ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè oríkì wọn lọ́wọ́ wọn. Ẹ má mú un láti ibi orúkọ.

Oluko_Zaria · 5:40 ìrọ̀lẹ́

Mo kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré ṣíṣe fún ìgbà pípẹ́, mo sì fẹ́ kí SM mọ̀ pé ohun tó rí yìí kì í ṣe àrùn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn àkọ́ṣe tó dùn, alẹ́ kejì àti ẹ̀kẹta máa ń rọ̀ níbi gbogbo. Ìbẹ̀rù ọjọ́ àkọ́kọ́ ló gbé ara wọn dúró, ìbẹ̀rù yẹn ti lọ, ohun tó máa rọ́pò rẹ̀ ò tíì dé. Ní London àti New York, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n sábà ń ṣe eré kan láàárín ọ̀sẹ̀. Eré kan wà ní London tó ti ń lọ láti 1952, tó jẹ́ pé àrùn Kòrónà ní 2020 ló dá a dúró gbọọrọ. Wọ́n máa ń pààrọ̀ àwọn òṣèré rẹ̀ látìgbàdégbà. Ẹ ò lè pààrọ̀ tiyín láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ lẹ lè fún wọn. Òṣèré tí ara rẹ̀ tutù kì í fẹ́ ìsinmi tó bí a ṣe rò. Ó fẹ́ ohun tuntun tó máa wá kiri nínú ipa rẹ̀.

Lọ́jọ́ Bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó yíká, kí wọ́n sáré ka gbogbo ọ̀rọ̀ eré láìsí ìṣe, kíákíá bí ẹnu bá ti lè yá tó, kò sí dídúró. Ẹ ó rí ibi tí kálukú ti ń kọsẹ̀. Balógun yín á rí i fúnra rẹ̀ pé ẹni tó kàn lẹ́yìn òun kò lè wọlé bí òun bá fi ọ̀rọ̀ kún un. Jẹ́ kí ẹni tó ń dúró de kíù náà sọ ọ́ fún un. Ó máa ń wọni létí ju ti alábòójútó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún olúkúlùkù ní ìbéèrè kan ṣoṣo lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí àpẹẹrẹ: "Lálẹ́ yìí, ta lo ń bínú sí kí o tó wọlé?" Kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ padà o, kò gbọdọ̀ yí ibi tó dúró padà. Inú ara rẹ̀ ni kó ti ṣiṣẹ́.

Kí ẹ sì tọ́jú ohùn wọn. Eruku ọyẹ́ yìí máa ń gbẹ ọ̀nà ọ̀fun, ẹni tí ohùn rẹ̀ ti há a máa fi agbára pamọ́, ẹ ó sì rò pé ọ̀lẹ ni. Omi lọ́wọ́ọ́rọ́ nínú yàrá ìwọṣọ, kí wọ́n máa fa ooru omi gbígbóná símú láàárọ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ti ń lọ, kó dákẹ́ pátápátá. Kó má sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ìyẹn náà ń yọ ohùn lẹ́nu.

SM_Kubwa · Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, 7:55 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ní kí n wá jíṣẹ́ fún yín.

Mo lọ bá agbátẹrù wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò kọ́kọ́ fẹ́ wá. Mo ka ọ̀rọ̀ Agbateru_Wuse sí i létí, ti mọ́tò yẹn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi náà nìyẹn?" Lọ́jọ́ Bọ̀, ó mú ìwé owó wá, ó kà á lójú gbogbo wa. Gbèsè ni. Balógun béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a máa rí ìdajì yòókù gbà?" Ó ní òun á san án bí eré ò tiẹ̀ mú un wọlé, ó san apá kan níbẹ̀, ó ní ìyókù di ìparí oṣù. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí gbangba.

Ti ọkọ̀: mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá ló ń gbé ní ojú ọ̀nà Nyanya sí Mararaba. Mẹ́sàn-án! Mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti November, mi ò ka iye wọn rí. A háyà bọ́ọ̀sì kan, awakọ̀ tí a mọ̀ ilé rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lálẹ́ kan. A sì fa eré sí aago mẹ́fà àbọ̀, kọ́ọ̀lù di márùn-ún. Àwọn òṣèré fúnra wọn ló ní kí á fà á.

A sáré ka ọ̀rọ̀ bí Oluko ṣe wí. Nígbà tó dé ibi Balógun, ọmọ tó ń ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ kún un, mi ò mọ ibi tí màá gbà wọlé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ara mi ń gbọ̀n lẹ́yìn aṣọ." Ojú Balógun yí padà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun bá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín tí gbọ̀ngàn dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń dẹ́rù ba òun, ìdí nìyẹn tí òun fi ń wá nǹkan sọ sí i. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó tó yẹn lè máa bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́.

Ti oríkì lẹ fẹ́ gbọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, aago márùn-ún àbọ̀ geere, onílù dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó pe Àlàbí, ó pe Àjàní, wọ́n jó jáde. Ó pe Àbẹ̀kẹ́, ìyẹn Ìyálóde wa. Ó ti wọ ìró, gèlè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dìde lójú ẹsẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ìyá ìyá òun ti kú ní Ìsẹ́yìn, kò sẹ́ni tó pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Onílù ò dúró, ó tún un pè títí ó fi dìde, ó jó jáde pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́, àwọn yòókù pa àtẹ́wọ́ gbà á.

Ẹnì kan wà láàárín wa tí kì í ṣe Yorùbá, ọmọ Idoma ni, Ìbàdàn ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ dán ju ti àwọn kan nínú wa lọ. Kò ní oríkì. Mo ti ń ṣàníyàn lé e lórí. Onílù bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀, ó fi ìlù sọ ọ́, ó fi "ọmọ ọdẹ" kún un, nítorí ọdẹ ni bàbá náà. Òun ló jó pẹ́ jù.

Jímọ̀, 48. Sátidé, 73. Sọ́ńdè, 40, méjìdínlógún nínú wọn jẹ́ àgùnbánirọ̀. A fi okùn dí àwọn ìlà ẹ̀yìn.

Ohun tí kò tíì tọ́: ẹnì kan ṣì ń pẹ́ lójoojúmọ́, ohùn àwọn méjì ti há, mo sì ti ní kí wọ́n dákẹ́ títí di Jímọ̀.

Baba_Jos · 9:30 àárọ̀

Ọmọ mi, o ṣeun. Ẹni tó ń pẹ́ yẹn, lọ sí ilé rẹ̀ kí o tó bá a wí.

Onilu_Lugbe · 10:12 àárọ̀

Ọmọ ọdẹ! Onílù yín mọṣẹ́. Ẹ bá mi kí i.

SM_Kubwa · Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, 8:15 àárọ̀

A ti ṣe ẹ̀kẹsàn-án. Lánàá, 88 ló wá.

Bàbá, mo lọ sílé rẹ̀ ní Kubwa lọ́jọ́rú. Ó ń tọ́jú ọmọ àbúrò rẹ̀, iléèwé ò sì tú títí aago mẹ́rin. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. A gbé kọ́ọ̀lù tirẹ̀ sí márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn kí ó má di ojúsàájú, láti ìgbà náà kò pẹ́ mọ́. Oludari, àwọn méjì tó ń tètè dé ni mo kọ́kọ́ lọ bá kí n tó ṣe é. Wọ́n ní kò burú.

Balógun ti sọ fún mi pé òun ò ní bá wa ṣe eré tó ń bọ̀. Ó dùn mí. Ó parí gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò sì fi ọ̀rọ̀ kún un mọ́ àfi ẹ̀ẹ̀kan.

Osere_Nyanya · 8:31 àárọ̀

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé ó gbé wọn dópin?

SM_Kubwa · 8:50 àárọ̀

Ó gbé wọn. Alẹ́ kan ló bàjẹ́ ní oríta AYA, awakọ̀ náà dúró tì wọ́n títí ó fi rí òmíràn fún wọn. Lánàá, mẹ́sàn-án àbọ̀ ni wọ́n ti dé Mararaba. Owó tó kù nìkan la ń retí báyìí. Ìparí oṣù ti kù sí dẹ̀dẹ̀, màá wá sọ fún yín níbí bí ó bá wọlé, àti bí kò bá wọlé.